Fáànù Ìyá Mi

Nígbà tí àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀ ní Pobè, ooru yàrá rẹ̀ fẹ́ẹ̀ pa ènìyàn. Fáànù wa ń kùn lásán ni, kò yí, àfi bí mo bá fi igi tín-ín-rín ti apá rẹ̀. Bí iná bá lọ tó tún dé, ó di kí n tún tì í. Mo bú u, mo bú ẹni tó ṣe é, mo bú ẹni tó tà á fún wa.

Mo gbé e lé itan lórí alùpùpù, ó di Sakété. Oníṣẹ́ iná ní kọndansatọ̀ rẹ̀ ló ti kú: ohun dúdú kékeré kan tó máa ń gba iná sínú, tó sì ń tú u sílẹ̀ kí mọ́tò lè rí agbára yí. Ó fi tuntun sí i.

Mo sáré padà. Fáànù yí fúnra rẹ̀. Òógùn bò mí, inú mi dùn.

Ìyá mi ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́ pa á. Òtútù ń mú mi."

Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Nínú gbogbo ooru ilé yẹn, kò sí ìkankan lára rẹ̀ mọ́.