Àkísà Tútù Lẹ́nu Sàìlẹ́ńsà

Bí mo bá ti gbóòórùn irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, pàápàá tó bá dà pọ̀ mọ́ òórùn ọ̀dà tí kò tíì gbẹ, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi nítòsí Ṣàngó Toll Gate ni ọkàn mi ń padà sí. Sàìlẹ́ńsà ni wọ́n ń tún ṣe, ìyẹn páìpù tí èéfín ọkọ̀ ń gbà jáde, iṣẹ́ yìí náà ni mo sì gbọ́njú bá lọ́wọ́ wọn. Èéfín ni wọ́n fi tọ́ mi. Nígbà tí mo wá dé yunifásítì ní Ọ̀tà, èéfín náà ni mo tún yàn láti kà nípa rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé gbogbo ìwé tí mo kà, mi ò tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

O rántí ọdún tí mò ń ṣe oyè másítà, tí mo rù kan eegun. Iṣẹ́ mi kò ní kẹ́míkà, kò ní ìgò, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣe é. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Bó bá rí ọ́síjìn gbà mọ́ra, oró rẹ̀ tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kì í dédé gbà fún ara wọn, àfi kí alárinà wà tó máa so wọ́n pọ̀, tí yóò sì yẹra láìpàdánù ohunkóhun. Alárinà yẹn là ń pè ní kátálíìsì. Wúrà ni tèmi, kì í ṣe wúrà ọrùn o, átọ́ọ̀mù mélòó kan péré tó jókòó sórí irú ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà ilé. Màá to àwọn átọ́ọ̀mù náà síbi tó wù mí nínú kọ̀ǹpútà, màá wá ní kó ṣírò bí wúrà ṣe máa di ọ́síjìn mú tó. Ìṣirò kan lè gba ọjọ́ mẹ́rin. Tí iná bá lọ, tí bátìrì ínfátà náà sì kú, a tún bẹ̀rẹ̀ látorí òdo.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, èsì tó jáde dùn ju oyin lọ. Wúrà mi di ọ́síjìn mú ṣinṣin, oró afẹ́fẹ́ yẹn sì ń tán láìjẹ́ pé a gbé nǹkan kan kaná. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi, obìnrin tí kì í yin èèyàn, rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì ti fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ síbi àpérò kan. Bàbá mi ti sọ fún gbogbo jámáà ní mọ́sálááṣí pé ọmọ àwọn máa gboyè lọ́dún náà. Ẹyin lọ̀rọ̀, tiwa sì ti kúrò lọ́wọ́.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n kó ìwé iṣẹ́ mi lọ fún yunifásítì, mo ń yẹ àwọn òǹkà kéékèèké wò, àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í kà, ni mo bá rí i pé òǹkà ọ́síjìn tèmi kò bá ti inú ìwé mu. Kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Mo ṣí fáìlì tí mo fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ìlà kan ṣoṣo ló wà ní pípa. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì wà lára ọ́síjìn tí wọn kì í bá ara wọn so pọ̀, èèyàn sì gbọ́dọ̀ fi ìlà yẹn sọ bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ó máa ń jẹ́ kí ìṣirò pẹ́ sí i. Mo ti pa á lóṣù àkọ́kọ́, nígbà tí iná ń ṣe ségesège, kí n lè fi dán nǹkan kan wò kíákíá, mo sì gbàgbé láti dá a padà. Torí ìyẹn, kọ̀ǹpútà ti gbà pé ara ọ́síjìn kì í balẹ̀ rárá bó bá dá wà, ìdí rèé tó fi ń sáré lọ dì mọ́ wúrà mi. Gbogbo oṣù mẹ́sàn-án yẹn, ọ́síjìn tí kò sí láyé yìí ni mò ń ṣírò.

Àárẹ̀ kan bò mí tí n kò mọ irú rẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, torí àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ mi wò kì í ṣí fáìlì ẹnikẹ́ni. Bí mo bá dákẹ́, mo gboyè. Bí mo bá sọ̀rọ̀, oyè mi di ọdún mìíràn nìyẹn. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo wọkọ̀ lọ sí Ṣàngó láìmọ ohun tí mo fẹ́ lọ sọ.

Mo bá bàbá mi lábẹ́ bọ́ọ̀sì funfun kan tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ lọ sí Àtàn nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti jó páìpù rẹ̀ tán, dẹ́rẹ́bà sì ti kán wọn lójú débi pé wọ́n ti fi ọ̀dà fàdákà kùn ún kí wọ́n tó dán an wò.

"Ṣé o ti jẹun?" ni wọ́n fi kí mi.

Mo ní mo ti jẹun. Irọ́ ni.

Dídán an wò yìí, bàbá mi kì í fò ó. Wọ́n á ki àkísà tútù bọ ẹnu sàìlẹ́ńsà, wọ́n á ní kí dẹ́rẹ́bà ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n á wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ wá gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó. Èéfín tí kò rí ẹnu gbà jáde á wá ihò, bó ti wù kí ihò náà kéré tó. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ wọn dúró lójú kan. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì gbọ́ ọ tó ń dún ṣùù, bí ẹni tí imú rẹ̀ dí. Abẹ́ ọ̀dà tuntun náà ni, ojú ibi tí bàbá mi fúnra wọn jó.

"Baba, e don do, abeg," dẹ́rẹ́bà wí. "Ariwo ẹ̀ ti lọ. Àwọn èèyàn mi ti ń dúró ní géètì."

"Ariwo ló lọ. Èéfín ò lọ."

"Ta ló fẹ́ rí i lábẹ́ ibẹ̀ yẹn?"

"Àwọn tó ń sùn nínú ẹ̀ ò ní rí i lóòótọ́." Bàbá mi na ọwọ́ mú ayùn irin. "Èmi ni mo jó o. Èmi náà ni màá tú u."

Dẹ́rẹ́bà pòṣé, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ jókòó sórí táyà. Iṣẹ́ náà gbà tó wákàtí kan àtààbọ̀, mo sì ń gbọ́ bí bàbá mi ṣe ń kérora lábẹ́ ọkọ̀ torí ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n. Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú ló kọ́kọ́ bí mi. Ó dùn mí pé lójú mi ni wọ́n ti ṣe é, lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ́fíìsì, mo fi ìlà náà hàn wọ́n. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

Títí dòní, mi ò mọ ohun tí ìbéèrè yẹn ń wá.

"Tún un ṣe."

"Gbogbo ẹ̀, mà?"

"Gbogbo ẹ̀. Orí ọ́síjìn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò àpérò náà pé àwọn ti fa ìròyìn náà yọ. Fún bí oṣù mélòó kan, ààbọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn tí mo bá kí wọn. Àtúnṣe náà gbà ju ọdún kan lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gboyè, mo bá wọn ya fọ́tò, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí èsì wá jáde, wúrà mi kò ju àwọn kátálíìsì tó kù lọ, àfi ká gbé e kaná kó tó ṣiṣẹ́. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí mo sọ fún bàbá mi pé mi ò ní gboyè mọ́ lọ́dún náà, mo ti múra sílẹ̀ fún ìbáwí. Wọ́n kàn bi mí léèrè:

"Ṣé ó ń jò ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O tú u?"

"Mo tú u."

Wọ́n ní kí n bá àwọn bu omi wá.

Àwọn èèyàn a máa sọ pé bí èèyàn bá sòótọ́, ara á fúyẹ́. Tèmi ò fúyẹ́. Ó rẹ̀ mí ní gbogbo ọdún yẹn, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí mo kábàámọ̀ pé mo ṣí fáìlì. Bàbá mi ò jó irin mọ́ báyìí, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, nírọ̀lẹ́, mo máa ń pàdé bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà Ìdíròkò, orí wọn á ti fara ti fèrèsé, ẹnu àwọn mìíràn á là sílẹ̀. Wọn ò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tú páìpù lábẹ́ wọn, torí wọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tú u. Mo máa ń dúró wò wọ́n títí wọ́n á fi kọjá. Wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń mí.