Omi Tó Ń Sọnù Nínú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo gbọ́dọ̀ na ọrùn kí n tó rí ìta láti ojú fèrèsé ọkọ̀, bàbá mi ra ọkọ̀ àlòkù kan lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, ẹ má rò pé olówó ni wá o. Akọ̀wé lásán ni bàbá mi ní wọ́ọ̀fù Àpápá, Ajégúnlẹ̀ la sì ń gbé, nínú ilé tí omi òjò máa ń wọlé bá wa lórí ẹní. Ọkọ̀ náà ti gbó, àwọ̀ ewé ni, ọwọ́ ọ̀tún sì ni sítíárìn rẹ̀ wà, nítorí apá òsì títì la ṣì ń gbà nígbà náà. Ìyá bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ìyá Àgbà la máa ń pè wọ́n, àwọn ló sì ni àga iwájú. Kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti jókòó síbẹ̀ bí wọ́n bá ń bọ̀.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ yìí fi bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Bàbá mi á da omi kún inú rédíétọ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ó ti gbẹ. Ẹnjìnnì á gbóná, èéfín á máa rú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bàbá mi á sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú oòrùn Àpápá, pẹ̀lú táì lọ́rùn, kí ọkọ̀ lè tutù. Ohun tí kò yé wa ni pé ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ máa ń gbẹ táútáú. Màmá mi tẹ́ páálí síbẹ̀ mọ́jú, kò sí ẹ̀kán omi kankan lórí rẹ̀. Omi ń lọ, a ò mọ ibi tó ń lọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la sì ń pọn omi ọ̀hún láti ẹnu ẹ̀rọ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí kẹ́ẹ̀gì kò gbọ́dọ̀ gbẹ nínú búùtù. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí, àárẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣe mí.

Mẹkáníìkì kan wà lábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́bàá títì Àpápá, ọmọ apá odò ni, kì í ṣe Yorùbá, àdàlù Yorùbá àti pijin ló máa ń sọ. Ó fi òjé dí rédíétọ̀, ó pààrọ̀ àwọn ọ̀pá rọ́bà, ó tú orí ẹnjìnnì, ó tún un dè. Pàbó ló ń já sí. Lọ́jọ́ kan ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wo bàbá mi.

Ó ní, “Ọ̀gá, wọ́tà no dey fly o. Omi yìí gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Ṣé ẹ kì í rí omi nínú ọkọ̀, níbi tí ẹ ń gbẹ́sẹ̀ lé?”

Bàbá mi ní, “Rárá o. Inú ọkọ̀ mi gbẹ.”

Irọ́ ni. Mo jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ náà, etí mi ló gbọ́ ọ. Inú ọkọ̀ ò gbẹ rárá. Ó ti pẹ́ tí kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ti ń tutù. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, etí ìró wọn á ti rin, òórùn kan á sì máa jáde látinú kápẹ́ẹ̀tì. Màmá mi á dúró kí Ìyá Àgbà wọlé tán, kí wọ́n tó fi ọṣẹ àti omi ọsàn fọ ibẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ni yóò la ẹnu rẹ̀ sọ fún àgbàlagbà pé wọn ò lè mú ìtọ̀ wọn dúró mọ́? Ẹnu ta ló gbà á? Bàbá mi ò lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, áńbọ̀sì mẹkáníìkì tí kì í ṣe ará ilé.

Àmọ́ orí ẹní kan náà lèmi àti Ìyá Àgbà jọ ń sùn. Mo sọ fún màmá mi nílé ìdáná pé, “Màmi, ẹní wa kì í tutù o.”

Wọ́n ní, “Pa ẹnu ẹ mọ́! Ta ló bi ẹ́?”

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo lọ pọn omi.

Nígbà tó yá, màmá mi mú róbà pupa tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àbúrò mi ọmọ ọwọ́, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àga iwájú, wọ́n sì fi aṣọ àdìrẹ bò ó. Róbà náà kì í tutù, ilẹ̀ ló ń tutù, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wo irú ibẹ̀ yẹn dáadáa? Gbogbo wa la máa ń gbójú kúrò. Lọ́jọ́ Sunday kan, bí Ìyá Àgbà ṣe jókòó, róbà yẹn dún lábẹ́ wọn. Wọ́n fọwọ́ ká etí aṣọ sókè, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà. Wọ́n kọjú sí ojú fèrèsé títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti mu omi dáadáa mọ́. Bí mo bá gbé omi fún wọn, wọn á kàn fi tọ́ ètè, wọn á ní ó ti tó. Tó bá di ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í mu ún rárá. Ẹnu wọn gbẹ, ojú wọn wọnú. Ní òru, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ pa ẹní lábẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń wá ibi tó tutù. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an. Wọ́n ti gbà pé àwọn ló ń tọ̀ sí kápẹ́ẹ̀tì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n ní kí bàbá mi gbé àwọn lọ sí gáréèjì, àwọn ń lọ sílé. Bàbá mi bẹ̀ wọ́n, màmá mi kúnlẹ̀, wọ́n ní rárá. A gba Àpápá. Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà wú, nítorí náà wọ́n bọ́ bàtà tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sóde. Kò pẹ́ tí a kúrò nílé ni wọ́n figbe ta.

“Yéè! Ẹsẹ̀ mi! Nǹkan jó mi lẹ́sẹ̀ o!”

Bàbá mi tẹ bíréèkì. Ìyá Àgbà ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, omi sì ń kán tó-tó-tó látòkè wá sórí kápẹ́ẹ̀tì, ooru ń jáde lára rẹ̀. Gbogbo wa ń wò ó. Ìyá Àgbà náà ń wò ó.

A rọra wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Àpótí irin kékeré kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lókè ibi tí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà máa ń wà. Òyìnbó ló ṣe é síbẹ̀ nítorí òtútù ìlú wọn: omi gbígbóná láti inú ẹnjìnnì á gba ibẹ̀ kọjá, inú ọkọ̀ á sì móoru. Ta ló ń wá ooru l'Ékòó? A ò fọwọ́ kan bọ́tìnnì rẹ̀ rí. Àṣé omi ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́, àpótí ti dógùn-ún, ó ti lu, gbogbo omi tí à ń pọn sì ń lọ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Mẹkáníìkì ní, “Ọ̀gá, ṣé mo bi yín àbí n ò bi yín?”

Ìyá Àgbà yí ojú sí bàbá mi. “Ó bi ọ́?”

“Ó bi mí, Màmá.”

“O wá ní kí ni?”

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn tó kún fún epo, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. “Mo ní ó gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, àṣírí yín ni mò ń bò.”

“Àṣírí wo? Èmi tí mo bí ọ, o ò lè bi mí léèrè? Mo ti ń sunkún lórí ara mi láti ìgbà yìí wá.” Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Wọ́n wá ní, “Ẹ fún mi lómi mu.”

Mo sáré bu omi nínú kẹ́ẹ̀gì wa, pẹ̀lú kọ́ọ̀pù mẹkáníìkì. Wọ́n mu ún, ó dà sí wọn láyà, wọ́n tún gba òmíràn. Èyí tó ṣẹ́ kù la dà sínú rédíétọ̀ nígbà tí mẹkáníìkì ti yọ ọ̀nà àpótí yẹn kúrò kí omi má gba ibẹ̀ mọ́.

Ẹ ó rò pé a jọ padà sílé. Rárá. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì wá, ṣùgbọ́n kí a gbé àwọn dé gáréèjì. Wọn ò padà wá gbé Ajégúnlẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá wá ṣọdún Kérésì, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, kò sì sẹ́ni tó lè bẹ̀ wọ́n títí wọn yóò fi bọ́ síwájú.

Ayé ti yí padà. Ọkọ̀ òde òní fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: bí omi rẹ̀ bá dín, iná pupa á tàn. Omi tí wọ́n ń dà sí i pàápàá ní àwọ̀, òmíràn bí ewé, òmíràn pupa, kò sẹ́ni tó lè ṣì í mú fún omi ara ènìyàn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ti dàgbà, èmi ni mò ń jókòó síwájú nínú ọkọ̀ yín báyìí. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, bí mo ṣe jókòó, mo gbọ́ tí nǹkan dún lábẹ́ aṣọ àga. N ò ká a sókè. N kò nílò rẹ̀, mo mọ ohùn róbà. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi ni. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bi mí. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá sọ fún yín. Bí kì í bá ṣe èmi, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ fún mẹkáníìkì.