Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan Tó Gbé Ìyá Ọkọ Dé Niamey

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá nínú agbo ilé wa ní àdúgbò Zongo ní Niamey, èmi nìkan ni gbogbo ilé gbà pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wa nílé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ò ju wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n Lárúbáwá nìkan ni bàbá mi lè kà, "good morning" kan péré láti ẹnu mi ti tó láti mú orí wọn wú.

Ní ọdún náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó wá ra aṣọ nílùú wa rí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó sì lóun fẹ́ ẹ. Ìyá rẹ̀, olùkọ́ ni wọ́n, ní àwọn ò fọkàn tán ojú ọ̀dọ́mọkùnrin lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ̀wé láti wádìí irú ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Aládùúgbò kan tó mọ Yorùbá kọ fẹ́ bá wa fèsì, bàbá mi kọ̀. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì lèmi máa kọ, kí àna lè mọ̀ pé kì í ṣe inú igbó la ti tọ́mọ.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹwà, ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè mi, mo bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta níbẹ̀: "slim", "thin", "skinny". Lójú tèmi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Mo mú èyí tó gbẹ̀yìn, torí n kò gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà wa rí, mo rò pé òun ló jinlẹ̀ jù. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi "skinny" gan-an, mo sì fi kún un pé gbogbo ilé ló ń fi yangàn.

Oṣù kan kọjá, a ò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn yóò fi ọmọ fún bàbá arúgbó oníṣòwò kan ní àdúgbò Maourey. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún, kò jẹun mọ́. Ó kù díẹ̀ kí ìwé mi di òótọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, pẹ̀lú àpò èlùbọ́ kan àti ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n béèrè ibi tí aláìsàn wà. Àsìkò náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ru ìkòkò omi ńlá wọlé, ó dá nìkan sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá náà wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n yọ ìwé mi jáde. Wọ́n ṣàlàyé pé "slim" ni ti ẹni tí ara rẹ̀ bá a mu, "thin" ni ti ẹni tó yẹ kó fi kún oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n "skinny" ni ti ẹni tí a lè máa ka eegun ìhà rẹ̀. Wọ́n wá béèrè ẹni tó kọ ọ́. Bàbá mi, tí ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé, fi ìyangàn nawọ́ sí mi.

Mo kúnlẹ̀. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ká ní o kọ ọ́ dáadáa ni, àbúrò mi ni mi ò bá rán wá. Àánú ọmọ yìí ló gbé mi wọ mọ́tò."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò lọ́dọ̀ wa. Àwọn àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń dáná, wọ́n jọ ń tàkúrọ̀sọ. Kí ìgbéyàwó tó dé, ẹ̀gbọ́n mi ti ní ìyá kejì.

Lóde òní, fóònù àwọn ọmọ-ọmọ mi ní àdúgbò Banifandou ń kọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní àṣìṣe, ó sì ń fi fọ́tò ránṣẹ́. Láìpẹ́ yìí, àna fi fóònù wo ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa, wọ́n ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn, ó parí. Inú mi bàjẹ́ fún ọmọ náà. Nínú gbogbo ilé ọkọ rẹ̀, kò sí ẹnìkan tó wọ mọ́tò torí rẹ̀.