Ẹ̀rọ Tó Fi Orúkọ Pa Mọ́

Láti ọjọ́ tí àwọn olè ti fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn ní Kẹ́tu, n kì í sọ orúkọ mi fún ẹnikẹ́ni bí kò bá pọn dandan. Wọ́n gba fóònù mi, wọ́n ní kí n sọ páswọ́ọ̀dù. Mo sọ ọ́.

Kí n tó délé, wọ́n ti wọ inú ímeèlì mi. Wọ́n kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà lókè òkun pé Màmá wa ń kú lọ, kó tètè fowó ránṣẹ́. Oríkì rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi kí i, bí mo ṣe máa ń ṣe, nítorí inú ímeèlì yẹn ni gbogbo lẹ́tà wa wà. Ó fowó ránṣẹ́. Nígbà tó bá Màmá sọ̀rọ̀, tó gbọ́ pé ara rẹ̀ le koko, ó gbà pé èmi ni mo lu òun ní jìbìtì. Ó yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà, kò fún wa ní tuntun.

Mo búra pé lẹ́tà mi kò ní sùn sílé onílé mọ́. Mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù, mo gbé e sí igun yàrá mi ní Ìkòsì, mo sọ ọ́ di sáfà ímeèlì: òun ni yóò máa gba lẹ́tà mi, òun ni yóò máa fi í ránṣẹ́. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n fún un lórúkọ wa. Orúkọ tí kò nítumọ̀ ni mo fún un.

Ní ọdún yìí, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́tà náà padà wá. Mo tún fi ránṣẹ́, ó tún padà.

Mo pe obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Mende. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Daddy, ẹ̀rọ yín ò mọ̀ ọ́n kí."

"Kó kí ta ni?"

"Bí sáfà kan bá kan ilẹ̀kùn òmíràn, á kí i, á dárúkọ ara ẹ̀. Ẹni tó wà nínú ilé á wá wádìí bóyá orúkọ yẹn bá ibi tó ti wá mu. Tiyín ń purọ́ orúkọ. Ṣé ẹ̀yin á ṣílẹ̀kùn fún irú àlejò bẹ́ẹ̀?"

"Láéláé."

"Àwọn náà ò ṣí i. Ẹ sọ orúkọ, jàre. Ta ló ń lé yín?"

 Mo sọ orúkọ ìdílé wa, ó kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, ó ní kí n sọ fún àwọn tó ń fún mi ní íńtánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n kọ ọ́ sọ́dọ̀ tiwọn náà. Mo pè wọ́n, mo tún orúkọ náà sọ fún wọn.

Mo tún fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, ó wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi fèsì, kò kí mi: "Wọ́n ti fi irú èyí mú mi rí. Bó bá jẹ́ ìwọ ni lóòótọ́, jẹ́ kí Màmá fi ohùn ara wọn kì mí, kí o gbà á sílẹ̀, kí o fi ránṣẹ́."

Mo gbé fóònù sí Màmá lẹ́nu. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ki ẹ̀gbọ́n mi." Ó gbìyànjú. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Ìró lásán ló jáde. Mo fi ìró náà ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ mi kí ẹ̀rọ tọ̀hún, ó dárúkọ ara rẹ̀, ìyẹn sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Ní báyìí, bí ẹ̀rọ mi bá ti dún pé lẹ́tà dé, Màmá á yí ojú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì kọ̀wé, Màmá."