Ìkíni Kì í Ṣe Túláàsì Lẹ́nu Gẹ́ètì Hàlímọ̀tù

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà Hàlímọ̀tù, kó kọjá níwájú rẹ̀ láì kí i. Obìnrin náà lè gbójú fo èébú, ó sì lè dákẹ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọdé kọjá lára àgbà láì fọhùn, ìyẹn kò bá a lára mu rárá. "Ṣé mo jọ òpó iná lójú ẹ ni?" ni yóò kọ́kọ́ bi onítọ̀hún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò wá béèrè ọmọ ilé ibo ni, ta ló bí i, àti irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ nílé.

Ẹnu gẹ́ètì ọgbà ìṣeré ọmọdé kan lójú ọ̀nà Ilo-Awela, ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Kó tó débẹ̀, ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ló fi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ìdérí ike omi l'Ọ̀tà. Ìdérí á máa tò kọjá níwájú rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, òun á sì máa ṣa èyí tó bá lábùkù sọnù. Ojú rẹ̀ mú débi pé àwọn ọ̀gá a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé Hàlímọ̀tù lè dá ìdérí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú àtibàjẹ́ mọ̀. Nígbà tí orúnkún kò gbà fún un mọ́, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Àbáyọ̀mí tó ni ọgbà náà gbé e sẹ́nu gẹ́ètì, ó fún un ní àga onítìmùtìmù kan àti agbòòrùn ńlá. Inú Hàlímọ̀tù dùn sí iṣẹ́ yìí, kò sì fi bò. Ó ní ariwo ọmọdé lórí jángílófà sàn létí òun ju ariwo ẹ̀rọ lọ.

Ọgbọ́n kan wà tó fi ń ṣọ́ àwọn ọmọ. Bí èèyàn bá mú ọmọ wá, yóò gé òwú aláwọ̀ kan náà sí méjì, yóò so ọ̀kan mọ́ ọmọ lọ́wọ́, yóò so èkejì mọ́ ọwọ́ ẹni tó mú un wá. Bí wọ́n bá ń jáde, àfi kí òwú bá òwú mu. Àwọn òbí kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Màmá Gẹ́ètì ti sọ àwọn di ewúrẹ́. Òun náà á dá wọn lóhùn pé ewúrẹ́ tí wọ́n so kì í sọnù.

Lára àwọn ọmọ tó ń wá déédéé ni Ọpẹ́mipọ̀, ọmọ ọdún méje, ọmọ Rose tó ń ta míńírà àti omi tútù ní òdìkejì títì. Àwọn ará Ìjòkó ni wọ́n. Bí ọjà bá ti ń yá, Rose á mú ọmọ wá, wọ́n á so òwú fún àwọn méjèèjì, òun á sì sáré padà sídìí ọjà rẹ̀. Kò bẹ̀rù ohunkóhun. Ó mọ̀ pé Hàlímọ̀tù wà níbẹ̀, àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọjọ́ kejì Iléyá ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Èrò kún inú ọgbà fọ́fọ́, àwọn ọmọ wọṣọ ọdún, orin ń dún, òórùn ẹran díndín sì gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ọkùnrin kan dé, ó ti tó ẹni ogójì ọdún, ó wọ aṣọ funfun báláú. Máyọ̀wá lorúkọ tó ní òun ń jẹ́. Ìgbà kẹta tó máa wá nìyẹn, kò sì mú ọmọ kankan wá rí. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun wà nínú. Nígbà kejì, Hàlímọ̀tù kò tiẹ̀ bi í. Kí ló dé? Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n kí ni! Pẹ̀lú aṣọ funfun yẹn, gbalaja ló dọ̀bálẹ̀ sórí yẹ̀ẹ̀pẹ̀. "Màmá mi, ẹ kú ọdún o! Ẹ ó ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé!" Orí Hàlímọ̀tù wú. Ó ní irú ọmọ báyìí ti wọ́n láyé òde òní.

Ọkùnrin náà kó owó tuntun jáde, ó ń pín in fún àwọn ọmọ tó bá wá kí i kú ọdún, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe. Gbogbo wọn ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀. Ọpẹ́mipọ̀ nìkan ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ dúró sẹ́yìn àga Hàlímọ̀tù, ó di etí ìborùn rẹ̀ mú.

Ojú gba Hàlímọ̀tù tì. "Ọpẹ́mi, ṣé o ò rí àgbà ni? Kúnlẹ̀ kí ọ́ńkù."

Ọmọ náà mi orí.

"Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n bú ìyá ẹ?" Ó fà á jáde lẹ́yìn àga, ó sì fọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ọmọ kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà fà á dìde, ó ní, "Ọmọ dáadáa," ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì wọ àárín èrò lọ. Hàlímọ̀tù jókòó padà, ara rẹ̀ balẹ̀ pé òun ti tún ọmọ ọlọ́mọ ṣe.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìdílé kan ń jáde. Ó ń wo òwú ọwọ́ wọn, pupa bá pupa mu, ni nǹkan kan bá sọ sí i lọ́kàn. Òwú wo ló wà lọ́wọ́ Máyọ̀wá? Kò so ìkankan fún un, torí kò mú ọmọ wá. Kí wá ni àgbàlagbà ọkùnrin tí kò lọ́mọ níbẹ̀ ń wá láàárín ọmọdé lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Hàlímọ̀tù gbójú sókè, ó wo ìdí jángílófà, kò rí Ọpẹ́mipọ̀. Ó wo ilé onírọ́bà tí àwọn ọmọ ń fò lórí ẹ̀, kò rí i.

Hàlímọ̀tù ti gẹ́ètì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Àwọn tó fẹ́ jáde fi ariwo bọ ẹnu. Ó pariwo pe Fàtáì tó ń wa ọkọ̀ ojú irin àwọn ọmọdé: "Fàtáì! Gba ẹ̀gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lọ! Ọpẹ́mi ni kó o wá!" Òun fúnra rẹ̀ gba ẹ̀yìn, níbi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé jẹnẹrétọ̀ wà. Orúnkún tó ti ń dùn ún látọdún mẹ́ta, kò tiẹ̀ rántí pé òun ní i.

Ó bá wọn lẹ́bàá ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n ń gbà kó ilẹ̀ dànù. Ọkùnrin náà ti fa irin ilẹ̀kùn náà dé ìdajì. Ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, ọmọ ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

"Níbo lò ń mú un lọ?" Hàlímọ̀tù gbá ọwọ́ kejì ọmọ náà mú.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Hà, Màmá mi. Bísíkíìtì ẹ̀ ló wà nínú mọ́tò mi níta. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kó wá kí mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Hàlímọ̀tù lọ́kàn ju ọ̀bẹ lọ. Ó figbe ta. Fàtáì dé, èrò dé, wọ́n ká ọkùnrin náà mọ́. Àwọn géńdé ti bọ́ aṣọ ọdún, wọ́n fẹ́ lù ú pa. Hàlímọ̀tù ló dúró sáàárín, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ má lù ú! Òkú ò lè sọ ibi tó ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ẹ pe ọlọ́pàá!" Ọ̀gbẹ́ni Àbáyọ̀mí pè wọ́n, wọ́n sì wá. Wọ́n yẹ fóònù Máyọ̀wá wò: fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ kún inú rẹ̀ bámú, àwọn kan lórí jángílófà, àwọn kan létí omi, ìkankan kì í ṣe tirẹ̀ nínú wọn. Wọ́n gbé e lọ.

Hàlímọ̀tù fa ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í léèrè jẹ́ẹ́jẹ́ ìdí tí kò fi fẹ́ kí ọkùnrin náà.

"Ní ọjọ́sí, ó fún mi ní súìtì," ni Ọpẹ́mipọ̀ wí. "Ó ní kí n má sọ fún mọ́mì. Mi ò wá fẹ́ ẹ mọ́."

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọdé nìkan ló gbọ́n lẹ́nu gẹ́ètì yẹn, àgbà ò rí nǹkan kan.

Rose sáré dé, ó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ níwájú Hàlímọ̀tù. Gbogbo èrò ń yin Hàlímọ̀tù, wọ́n ń pè é ní ìyá ọmọ gbogbo. Ì bá gba ìyìn yẹn kó dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀? Ṣùgbọ́n kò lè gbé e mì.

"Dìde, Ìyá Ọpẹ́mi, má kúnlẹ̀ fún mi. Ọmọ ẹ ò fẹ́ kí i. Èmi ni mo fà á jáde, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ kúnlẹ̀. Ọwọ́ mi ló ti gbà á."

Rose dìde. Kò bú u. Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì lọ. Sátidé márùn-ún gbáko, kò mú un wá mọ́, Hàlímọ̀tù á sì jókòó máa wo ìsọ̀ míńírà ní òdìkejì títì. Ó dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe yẹ kó dun òun náà nìyẹn.

Òfin tuntun wọlé. Àgbàlagbà tí kò bá mú ọmọ wá, ì báà dọ̀bálẹ̀ dé Abẹ́òkúta, ìta ni yóò wà. Bó bá sì ti ń so òwú mọ́ ọmọ lọ́wọ́ báyìí ni yóò máa sọ fún un pé, "Ẹni tí o ò bá fẹ́ kí, má kí i. Ẹni tó bá ní kó o má sọ fún mọ́mì ẹ, sáré wá sọ fún mi."

Alhaji Àmọ̀dá, ọmọ bíbí Ọ̀tà tó máa ń mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, gbọ́ èyí, ó gbaná jẹ. "Hàlímọ̀tù! Ìwọ náà lò ń kọ́ ọmọ Yorùbá pé kó má kí àgbà?"

"Alhaji, ẹ máa bínú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ kí wọn. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á dáhùn."

Bàbá lọ sọ ọ́ káàkiri pé obìnrin náà ti ya wèrè, àmọ́ nígbà tó di Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá.

Ní Sátidé kẹfà, Rose sọdá títì, Ọpẹ́mipọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Hàlímọ̀tù fẹ́ dìde, kò mọ̀ bóyá kó dìde. Ó gé òwú aláwọ̀ ewé sí méjì. Ó so ó mọ́ ìyá lọ́wọ́, ó so ó mọ́ ọmọ lọ́wọ́.

"Ọpẹ́mi, kí màmá," Rose wí.

Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó wo òwú, lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo Hàlímọ̀tù gan-an. "Mi ò fẹ́ kí yín lónìí."

Ojú ti Rose, ó fẹ́ la ẹnu.

"Fi í sílẹ̀," Hàlímọ̀tù wí. Ẹ̀rín ti gba gbogbo ojú rẹ̀, omi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. "Ó ti dáa bẹ́ẹ̀, Ọpẹ́mi mi." Ó sì ṣí gẹ́ètì fún un.