Emmett Fẹ́ Gbàdúrà

Ọdún mọ́kànlélógún ni Lorna Haverkamp ti ń ṣe akọ̀wé ìlú wa ní Kansas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ sílẹ̀, òun náà ló ń yan ẹni tí yóò gbàdúrà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ méjì àti fáda kan ló ń gbà á yípo. Kò sẹ́ni tó ráhùn, àfi tí pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi bá fa tirẹ̀ gùn jù.

Lorna ò fi ìsìn ṣeré. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Lúteru, bí wọ́n tilẹ̀ ti rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó máa la ẹnu lásán, kó má kọrin.

Lóṣù kẹta, Emmett Vogel tó ń tún katakata ṣe wọlé tọ̀ ọ́ wá. Gbogbo wa la mọ̀ pé Emmett ò gbà pé Ọlọ́run wà.

"Ìyáàfin Haverkamp, mo fẹ́ gbàdúrà ní ìpàdé tó ń bọ̀."

"Sí ta ni?"

"Mi ò tíì ro ìyẹn dé ibì kan."

Lorna yẹ òfin ìgbìmọ̀ wò: ará ìlú yòówù tó bá béèrè, kí wọ́n fún un láyè. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí Clete Rusk, olórí ìlú, fi sáré dé. Òun àti Lorna jọ lọ síléèwé ni.

"Lorna, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ìdìbò ń bọ̀!"

"Ìwọ lo fọwọ́ sí òfin yẹn."

"Mi ò kà á!"

"Mo mọ̀."

"Pa orúkọ ẹ̀ rẹ́. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi. Àti Ẹni tá à ń gbàdúrà sí."

Lọ́jọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì, Doreen, ọ̀rẹ́ Lorna láti ọgbọ̀n ọdún, gbé báàgì rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lorna nítorí ọ̀rọ̀ Emmett, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Ó dun Lorna gan-an. Ó sọ fún mi pé òun ò gbọ́ ohunkóhun nínú ìwàásù ọjọ́ náà.

Nígbà tí ìpàdé dé, gbọ̀ngàn kún. Méjì nínú ọmọ ìgbìmọ̀ márùn-ún ní àwọn ò ní gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀; wọ́n lọ dúró síta. Emmett so táì mọ́rùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ara yín. Afárá tí àwọn ọmọ ń gbà lọ síléèwé ti ń jẹrà. Ẹ tún un ṣe. Ẹ ṣeun."

Ìyá arúgbó kan ṣàmín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀rọ̀ afárá gan-an ló ṣáájú nínú iṣẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn méjì tó wà níta, àwọn ló ti ń fi àríyànjiyàn tí kì í tán sún un síwájú láti ọdún mẹ́rin. Wọ́n rò pé àdúrà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa wọlé, àwọn mẹ́ta tó kù ti dìbò pé kí wọ́n tún un ṣe, Lorna sì ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n tún afárá ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lorna bi Emmett bóyá yóò tún gbàdúrà. Ó ní rárá, èyí tí òun gbà ti gbà.

Lóṣù kọkànlá, ẹnì kan bá Lorna du ipò akọ̀wé nínú ìdìbò. Ìbò mẹ́sàn-án ni Lorna fi borí. Doreen sọ fún un lójúkojú pé òun ò dìbò fún un, ó wá béèrè bóyá ó lè fi mọ́tò gbé òun lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Lorna gbé e lọ.