Ọjọ́ Tí Àwọn Àgbà Gbé Mi Lọ Rí Dókítà

Títí n ó fi kú, n kò ní gbàgbé Ọjọ́bọ̀ tí mo ń gbé àgbà méjì láti Ìdímù lọ sí ọsibítù. Ọ̀fẹ́ ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mọ́tò wa gbé àwọn arúgbó àdúgbò.

Nígbà tí a dé Ìkọ̀tún, ojú mi ṣàdédé ṣókùnkùn. Bàbá Àlàbá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, tó ti fìgbà kan wa tírélà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n sì ń tọ́ mi sọ́nà:

"Ìyá Bọ́lá, tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀. Yà sọ́tùn-ún. Ó tó."

A fi mọ́tò sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn àgbà méjèèjì sì fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mi dé ọsibítù. Màmá Síkírá, àgbà kejì, ló kàn láti wọlé rí dókítà, ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣáájú mi jàre."

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé àwọn ẹlòmíràn lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò wọ yàrá dókítà náà rí títí di ọjọ́ yẹn.